Ìsinmi Tí A Fi Yan Ẹni Tí Yóò Wẹ Ọmọ

Àwọn tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní ìsinmi ìgbà ooru. Ní Warri níhìn-ín, àkókò yẹn gan-an ni òjò máa ń rọ̀ títí omi á fi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tí èèyàn á máa to bíríkì sílẹ̀ láti rí ọ̀nà dé ẹnu géètì. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin mi tẹ̀ mí láago láti London pé gbogbo wa ń lọ lo ìsinmi ìgbà ooru ní Kẹ́ńyà, láti wo ẹranko, igbó àti òkun, mo wo bàtà òjò mi tó ń kán tótó lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ó dára.

Mo wá bi í pé ta ló ń jẹ́ gbogbo wa.

“Ẹ̀yin, Mọ́mì, àbúrò mi, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn. Ọkọ mi kò ní lè wá, iṣẹ́ kò jẹ́.”

Mọ́mì yìí kì í ṣe èmi. Èmi ni mo bí i. Màmá Warri ni wọ́n ń pè mí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí kí n tó dé ọ̀rọ̀ erin. Ìjẹ̀bú ni ọkọ mi. Iṣẹ́ kíkó ẹrù jáde ní èbúté ló gbé e wá sí Warri. Èmi, Ìlàjẹ ni mí, ọmọ apẹja, tí bàbá rẹ̀ fi owó ẹja rán lọ sí yunifásítì, tó di olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè, tó sì fẹ̀yìn tì ní ipò ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹbí ọkọ mi kò fìgbà kan rántí ìdajì ìkẹyìn ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹja nìkan ni wọ́n rántí. Nígbà tí ọkọ mi kú, ọmọ ọdún méje ni ọmọbìnrin wa, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì wà lẹ́yìn mi. Àdúgbò Agbassa ní Warri ni a ń gbé nígbà náà, nínú yàrá méjì tó kọjú sí títì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí kò bímọ, wá láti Èkó fún ìsìnkú. Lọ́jọ́ tó fẹ́ padà, ó ní kí n jẹ́ kí ọmọ náà bá òun lọ fún sáà ìwé kan péré, kí n lè ráyè gbọ́ ti ọmọ ọwọ́. Iwájú àwọn àgbà ẹbí ló ti sọ ọ́, wọ́n sì ti mi orí kí n tó la ẹnu. Bí ẹbí ọkọ bá béèrè ọmọ lọ́wọ́ opó tí aṣọ ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kì í ṣe ìbéèrè mọ́. Ó fi kún un pé, “Ọmọ wa kò ní máa gbóòórùn ẹja dàgbà.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Sáà kan di ọdún kan. Nígbà tí ìjà ìlú bẹ́ sílẹ̀ ní Warri, tí wọ́n ń sun ilé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ránṣẹ́ pé òun kò lè dá ọmọ padà sínú iná. Ìjà parí, iná kú, àwọn èèyàn tún ilé wọn kọ́, ọmọ kò padà. Bí mo bá lọ wò ó ní Èkó, inú pálọ̀ ni wọ́n máa ń fi mí jókòó sí bí àlejò. Wọ́n á gbé ohun mímu fún mi, ọmọ á wá kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ káàbọ̀, Màmá Warri.” Nígbà tó ń ṣe ìgbéyàwó, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló jókòó sórí àga ìyá ìyàwó. Ìlà kejì ni èmi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó bi mí bóyá ọ̀dọ̀ ọkọ ni mo ti wá tàbí ọ̀dọ̀ ìyàwó.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣe ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì sọ fún ìjọ pé òun gba ọmọ òrukàn kan tọ́. Ọmọ òrukàn. Mo wà láàyè, mo wà ní Warri, mo ń san owó iná mọ̀nàmọ́ná. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí ọmọbìnrin mi lóyún, lẹ́yìn tó ti wá a fún ìgbà pípẹ́. Ọmọkùnrin mi ló tú àṣírí ìsinmi náà fún mi. Òun ni èyí tí mo tọ́ fúnra mi. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe lọ́nà Aladja. Kò sí Yorùbá tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n Píjìn ló fi ń dáhùn láti kékeré. Ó jókòó ní ilé ìdáná mi, ó ń jẹ ẹ̀wà, ó ní, “Mama, make I tell you true. This holiday na interview.”

“Wọ́n fẹ́ gbà mí síṣẹ́ kí ni?”

“Who go baf the pikin.”

Ó ṣàlàyé. Yàrá kan péré ló ṣófo nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London. Ọkọ ibẹ̀ sì ti sọ pé ìyá àgbà kan ṣoṣo ni òun lè gbà lálejò, kì í ṣe méjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ ẹni tí yóò mú. Ó fẹ́ kí gbogbo wa kọ́kọ́ wà lójú kan, kí òun lè wò wá dáadáa.

“So behave, Mama. Abeg.”

Kò sí Yorùbá tí mo ní láti là á yé. Bí ọmọbìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ ló ń lọ wẹ ọmọ náà. Kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń yan èèyàn sí. Ẹni tí ayé bá rí tó ń wẹ ọmọ yẹn, òun ni ayé ń pè ní ìyá. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá lọ, ẹjọ́ parí nìyẹn. Ọmọ òrukàn ni ọmọ mi yóò jẹ́ títí tí wọn yóò fi sin mí.

A pàdé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní pápákọ̀ òfurufú ní Èkó. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ó ṣì ń rìn gbọnran. Ẹrù mẹ́ta ló gbé, ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé ọṣẹ dúdú, òrí àti kànrìnkàn ló kún ọ̀kan nínú wọn. Ó wo báàgì kékeré tó wà lọ́wọ́ mi.

“Ìyàwó, ṣé ẹja lo tún dì síbẹ̀ yẹn?”

“Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní òkun wà lọ́hùn-ún.”

Ọmọbìnrin mi ti ń dúró dè wá ní Nairobi. Oyún rẹ̀ ti yọ dáadáa. Ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó ní, “Mọ́mì mi!” Ó yíjú sí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, Màmá Warri.” Mo ní kó dìde, ilẹ̀ tútù.

Ọgbà ẹranko ni a kọ́kọ́ lọ. Òtútù òwúrọ̀ ibẹ̀ yà mí lẹ́nu, ẹ̀wù ọmọkùnrin mi ni mo wọ̀ lé tèmi. Jíìpù tí òrùlé rẹ̀ ṣí ni wọ́n fi ń gbé wa káàkiri inú koríko tó ti gbẹ, tó ní àwọ̀ gàrí elépo. Mo rí àgùnfọn. Mo rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, tí mo ti yà sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì títí eruku ṣọ́ọ̀kì fi ń há mi lọ́fun. Wọ́n kúrú ju bí mo ṣe máa ń yà wọ́n lọ. Kìnnìún sùn. Gbogbo kìnnìún tí a rí ló sùn, ìyàwó rẹ̀ sì ń rìn kiri.

“See oga,” ni ọmọkùnrin mi wí. “Madam don go market.”

Lẹ́bàá omi kan ni a ti pàdé agbo erin. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì pé obìnrin ni gbogbo àgbà inú agbo náà: ìyá, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin wọn. Ó ní gbogbo wọn ló ń bá ìyá ṣọ́ ọmọ, pé bí kékeré bá ṣubú sínú ẹrẹ̀, àǹtí rẹ̀ lè fi ọwọ́jà gbé e dìde. Mo mọ gbogbo èyí, mo ti kọ́ ọ ní kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pàtẹ́wọ́.

“Ẹ gbọ́ o! Àǹtí ló ń tọ́ ọmọ! Ẹranko pàápàá mọ̀ ọ́n.” Ó yíjú sí mi. “Ìyàwó, ìwọ tó o kàwé, ṣé irọ́ ni?”

“Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Hẹ́ẹ̀n!”

“Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló dúró yẹn. Ojú ìyá ni wọ́n ti ń ṣe é.”

Ọmọbìnrin mi gbé fóònù sókè, ó ń ya àwòrán erin. Kò wo èmi, kò wo Mọ́mì rẹ̀. Ọmọkùnrin mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. “Mama. Interview.”

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí a máa kúrò níbẹ̀, bí a ṣe ń jẹun lórí pèpéle ilé ìtura, ọ̀bọ kan bọ́ sílẹ̀ láti orí òrùlé, ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Kò sá lọ. Ó jókòó sórí irin tó yí pèpéle ká, ó ń jẹ ẹ́, ó ń wo ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń pariwo, “Èmi ni mo ni ín! Tèmi ni!” Àwọn òyìnbó tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri sì ní kí ìyá má bínú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo fi bọ́tà pa búrẹ́dì tèmi.

A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sétí òkun, nítòsí Mombasa, níbi tí ọmọbìnrin mi ti gba ilé kan fún wa. Èmi tí wọ́n bí sétí òkun, mi ò rí irú òkun bẹ́ẹ̀ rí. Tiwa ní Ìlàjẹ, ẹrẹ̀ ló wà létí rẹ̀, omi rẹ̀ dúdú, ó sì ń jẹ ilé. Ibi tí ilé bàbá mi wà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ̀ ojú omi ló ń gba ibẹ̀ kọjá báyìí. Tiwọn, iyanrìn funfun bí ìyẹ̀fun, omi tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí èékánná ẹsẹ̀ mi nínú rẹ̀. Bí omi bá fà, á fà jìnnà réré, á ku òkúta àti koríko òkun, àwọn obìnrin ibẹ̀ á ká aṣọ sókè, wọ́n á máa ṣa nǹkan láàrin rẹ̀. Mo bá wọn ṣa díẹ̀. A kò gbọ́ èdè ara wa, ṣùgbọ́n a kò ní ìṣòro.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, mo wé ìró mọ́ra, mo wọ inú omi. Ẹ̀gbọ́n dúró sórí iyanrìn, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, agbòòrùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọmọ ẹja ti délé o!” ni ó ń ké.

Mo lúwẹ̀ẹ́ lọ díẹ̀, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí omi. Etí mi méjèèjì wọ inú omi, mi ò sì gbọ́ ọ mọ́. Kò sí ibòmíràn tí mo ti sinmi nínú ìsinmi yẹn.

Ó kù díẹ̀ kí òòrùn wọ̀ lọ́jọ́ kejì nígbà tí ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ etíkun mú wa lọ síbi tí wọ́n fi igi yí ká. Ó ní ìjàpá òkun ti yé ẹyin síbẹ̀. Bó bá yé e tán, á wa iyanrìn bò ó, á padà sínú omi, kò ní rí ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. “Áà. Àwọn ìyá kan kúkú wà bẹ́ẹ̀.”

Mo bi ọkùnrin náà pé kí ló sábà máa ń gbé ẹyin náà lọ. Ó ní ajá, akàn, èèyàn. Mo ní kó jọ̀wọ́ tún ìyẹn sọ, pé àgbàlagbà tó wà pẹ̀lú wa kò gbọ́ ọ dáadáa.

“Èèyàn,” ni ọkùnrin náà sọ lóhùn rara.

“Mo gbọ́ ọ,” ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kó ṣí ẹrù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó kó ọṣẹ dúdú, òrí àti kànrìnkàn jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ. Ó ní kí ìyàwó ọmọ mi gbé ọmọ rẹ̀ wá, kí òun fi han aboyún bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni ọmọ náà, obìnrin, ó sanra dáadáa. Ìyàwó ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ Urhobo, wo ojú mi. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo kọjú sí òkun.

Mo mọ ohun kan tí àwọn yòókù kò rò. Ẹ̀gbọ́n kò wẹ ọmọ tuntun rí. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pé kò bímọ, mi ò sì fi ìyẹn bú u rí, àní lọ́jọ́ tí inú bí mi jù lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje ló gbà lọ́wọ́ mi, ọmọ tó ti mọ eyín fọ̀, tó mọ ìwé kà, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀. Èmi ti ṣe iṣẹ́ ìkókó tán kó tó dé.

Ìdúró ló dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàsíà. Mi ò wẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀, òkè ló ti ń wá. Ẹni tó mọ ọmọ wẹ̀ kì í dúró. Á jókòó sórí nǹkan tó lọ sílẹ̀, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí wọn. Ọṣẹ ta sọ́mọ lójú, ó figbe ta. Ọmọ tí ọṣẹ wà lára rẹ̀, tí wọ́n dì mú ní abíyá nìkan, bí ẹja àrọ̀ ló ń yọ̀.

“Mummy, the neck!” ni ìyàwó ọmọ mi ń ké. “Hold im neck!”

“Mo dì í mú! Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ni?”

Bàsíà dojú dé. Omi ṣàn wá bá mi níbi àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ìyàwó ọmọ mi ti já ọmọ rẹ̀ gbà tọṣẹtọṣẹ, ó ń bọ̀. Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

Mo ní kí wọ́n bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Mo na ẹsẹ̀ mi, mo fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo fọ ojú rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Mo fi kànrìnkàn lọ sí ọ̀nà ọ̀fun, abíyá, itan, gbogbo ibi tí ọ̀rá ti ń ká mọ́ ìdọ̀tí. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo bu omi sí i lẹ́yìn. Mo fi òrí pa á. Mo fa apá ọ̀tún kọjá òsì, apá òsì kọjá ọ̀tún, mo ká orúnkún mọ́ ikùn, mo tẹ ìbàdí. Ọmọ ti dákẹ́. Ó ń wò mí lójú kòrókòró. Mo wá jù ú sókè díẹ̀, mo hán an, mo tún jù ú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí ọmọ má baà máa ta gìrì. Ọmọ rẹ́rìn-ín.

“Màmá Warri!”

Ọmọbìnrin mi ti dìde lórí àga, ó fọwọ́ di ikùn rẹ̀ mú.

“Ẹ má jù ú mọ́! Ẹ jọ̀ọ́! Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní London, wọ́n á wá gba ọmọ lọ́wọ́ mi!”

Mo gbé ọmọ padà sórí ẹsẹ̀ mi, mo fi aṣọ ìnura wé e.

“Wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ èmi náà rí,” mo ní. “Mi ò jù ú sókè kí wọ́n tó gbà á.”

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Omi ọṣẹ ṣì ń ṣàn lára aṣọ rẹ̀.

“Gbà? Ta ló gbà á? Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ di ẹrù rẹ̀.”

“Ẹrù sáà kan ni mo dì, Ẹ̀gbọ́n. Aṣọ ilé-ìwé méjì àti bàtà kan.”

“Mo rán an níwèé! Mo sọ ọ́ dèèyàn!”

“Èèyàn ni kí ẹ tó dé.”

Ọmọkùnrin mi wá gba ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. “Una two don fail,” ló ní. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, omi ti fà. Ọmọbìnrin mi wá bá mi lábẹ́ igi àgbọn, ó fara balẹ̀ jókòó bí aboyún ṣe ń jókòó. A ń wo àwọn obìnrin tó ń ṣa nǹkan láàrin òkúta.

“Mọ́mì ni màá mú lọ, Mà.”

Mo ní, “Kò mọ ọmọ wẹ̀.”

“Mo rí i. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.”

Mo ní kó ṣàlàyé.

“Bí ẹ̀yin bá wá, ẹ mọ gbogbo rẹ̀. Ẹ ó na ẹsẹ̀, ẹ ó gba ọmọ, èmi á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àlejò. Mọ́mì kò mọ nǹkan kan. Wọ́n á jẹ́ kí n wẹ ọmọ mi fúnra mi.”

Mo mọ ìjókòó àlejò yẹn dáadáa. Mi ò lè sọ pé ó parọ́.

“Àti pé bí ẹ bá ń wò mí,” ló tún ní, “èmi kọ́ lẹ máa ń wò. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ yín lẹ máa ń wò. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà, Mà. Mi ò gbé ara mi lọ. Nígbà tí sáà yẹn parí, mo di ẹrù mi, mo jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ò wá.”

“Mo wá.”

Ó yíjú sí mi.

“Mo gbé àbúrò rẹ sẹ́yìn, mo wọ ọkọ̀ láti Warri dé Èkó. Ẹ̀gbọ́n pàdé mi níta géètì. Wọ́n ní o ti bá àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ síbi ìsinmi, pé o ò fẹ́ kí wọ́n dá ẹ dúró. Mo sùn nílé ará Ìlàjẹ kan ní Ajégúnlẹ̀, mo padà sí Warri lọ́jọ́ kejì.”

Ó ń fi ìka kọ nǹkan sínú iyanrìn, ó sì ń pa á rẹ́.

“Mi ò lọ síbì kankan,” ló ní. “Mo wà nínú ilé.”

“Mo mọ̀ báyìí.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí yóò yí ìpinnu rẹ̀ padà. Mo jẹ́wọ́ pé ìdí nìyí tí mo fi sọ ọ́. Kò yí i padà. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní òun ti sọ fún ọkọ òun, òun sì ti sọ fún Mọ́mì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òun kò sì ní lọ bá obìnrin tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ jà níbi ìsinmi. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo fà á dìde, nítorí kò lè dá dìde.

Nígbà tí a dé pápákọ̀ òfurufú, Ẹ̀gbọ́n dì mọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn. “Ìyàwó, má bínú o. Ọlọ́run ló ń yàn.” Mo ní mo gbọ́. Mo dé Warri, omi ti dé ìdajì ẹsẹ̀ àga mi. Mo kó bíríkì jáde.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ọmọbìnrin mi. Ọmọkùnrin ni. Dókítà ní kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo, nítorí náà kò lè wẹ ọmọ náà fúnra rẹ̀ bó ṣe gbèrò. Ọ̀rọ̀ wá di ti Ẹ̀gbọ́n tààrà. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kúrò nílé ìwòsàn, fóònù mi dún lọ́sàn-án. Ojú ọmọbìnrin mi ni mo rí, ó ti wú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n dúró sí, ó gbé ìkókó dání bí ẹni gbé àwo tó gbóná. Igbe ọmọ náà kún gbogbo ilé.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́,” ni ọmọbìnrin mi wí. “Báwo la ṣe máa gbé e? Mọ́mì ń bẹ̀rù. Èmi náà ń bẹ̀rù.”

Mo lè sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Warri kì í sábà dára, ẹnikẹ́ni kò ní já mi nírọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ́ ló ṣẹ̀ mí.

“Sọ fún wọn kí wọ́n jókòó sílẹ̀,” mo ní.

“Sílẹ̀ ibo?” ni Ẹ̀gbọ́n ké. “Orúnkún mi ńkọ́?”

“Ilẹ̀ gan-an, Ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ gbé ẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ na ẹsẹ̀.”

Ó jókòó, ó ń kérora. Ó na ẹsẹ̀. Mo ní kí ó fi ọwọ́ òsì gbé ọrùn ọmọ, ó fi gbé e. Mo ní kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò, ó tọ́ ọ wò. Mo ní kó yẹra fún ibi ìwọ́, ó yẹra. Láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti gbé mi níyàwó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí obìnrin náà ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Igbe ọmọ rọlẹ̀. Ó ya ẹnu, ó panu dé, ó ń wo òkè. Iwájú orí bàbá àgbà rẹ̀ ló ní, iwájú orí ọkọ mi. Ọmọbìnrin mi mú fóònù sún mọ́ ọn kí n lè rí i, mo sì rí i.

A ṣe apá. A ṣe ẹ̀yìn. A ṣe ẹsẹ̀ ọ̀tún, a ṣe òsì. Òógùn ti bo ojú Ẹ̀gbọ́n, gèlè rẹ̀ ti yọ̀ sẹ́yìn.

“Ìyàwó,” ló ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, “ṣé ó ti tó báyìí? Ẹ̀yìn ń pa mí.”

Mo wo ọmọ náà dáadáa. Ó ti mọ́ tónítóní, ojú rẹ̀ ti ń pa dé.

“Kò tíì tó, Ẹ̀gbọ́n,” mo ní. “Ẹ padà sí ẹsẹ̀ òsì yẹn.”